Ṣé kí n máa kán òróró basil sínú ògì?

Ìyàwó Ìkòròdú:

Ẹ kú ojúmọ́ o. Mo ra ìgò òróró kékeré kan lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń tajà lórí WhatsApp. Wọ́n kọ "Basil Essential Oil" sí i lára, ó ní efinrin náà ni. Nínú ohùn tó gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n máa kán ẹ̀kán márùn-ún sínú ògì láràárọ̀ fún jẹ̀díjẹ̀dí. Ó ní kí n máa fi pa ọmọ mi níkùn tí inú bá ń run ún (ọmọ oṣù mẹ́jọ ni), kí n sì máa rọ díẹ̀ sínú omi ìwẹ̀ tí ara bá ń yún mi. Ìyá ọkọ mi ní kò séwu níbẹ̀, pé efinrin làwọn fi tọ́ ọmọ. Ọkọ mi ní kí n lọ dà á nù. Owó gidi ni mo fi rà á. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Ìyá Ọlọ́ṣẹ:

Ìyàwó wa, má tíì dà á nù. Má kán an sínú ògì, má sì jẹ́ kó kan ara ọmọ yẹn rárá. Ìyókù, a lè jókòó sọ ọ́.

Ìyá ọkọ rẹ ò purọ́ o. Kò sílé tí wọn ò ti ń gbo efinrin fún inú rírun: ewé díẹ̀, omi díẹ̀, iyọ̀ bín-ín-tín, ó tán. Lọ́dún 1969, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àhesọ. Ṣùgbọ́n ewé ni Màmá ń sọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní essential oil, wọ́n á kó ewé kún ìkòkò ńlá, wọ́n á jẹ́ kí ooru omi gba àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n á mú ooru yẹn tutù kó padà di omi, òróró á wá léfòó sókè, wọ́n á rọ ọ́. Kílò mẹ́wàá efinrin tútù lè má fún ọ ní òróró tó kún ìgò oògùn ikọ́ kan. Ẹ̀kúnwọ́ ewé ló wà nínú ẹ̀kán kan. Ìwọ wá fẹ́ mu márùn-ún láràárọ̀, kí ilẹ̀ ọ̀la tún mọ́ kó o tún mu márùn-ún?

* * *

Alágbo Mushin:

Ẹ̀yin oníwèé, ẹ tún ti dé. Ohun tó ti ara ewé wá, ewé náà ni. Efinrin kì í pa èèyàn. Èmi ń kán méjì sínú tíì mi, ara mi le kokoko.

* * *

Ìyá Ọlọ́ṣẹ:

Alágbo, mo júbà iṣẹ́ yín. Ẹ dá mi lóhùn kan péré: ibo ni wọ́n ti ń rí ògógóró? Ṣebí ẹmu ni wọ́n sè, tí wọ́n gba ooru rẹ̀. Ọmọdé lè tọ́ ẹmu àárọ̀ wò nídìí ọ̀pẹ, kò sí bàbá tó máa bu ife ògógóró fún un kó ní "ṣebí ara ọ̀pẹ náà ló ti wá." Irú ìkòkò kan náà ló yọ òróró yìí.

Pé ara yín le kokoko, mo bá yín dúpẹ́. Ẹnu àti ọ̀fun tó máa bó, ojú ẹsẹ̀ lèèyàn ń mọ̀. Ẹ̀dọ̀ kì í pariwo. Òróró basil tó wà lọ́jà ò rí bákan náà. Èyí tó ń ti India àti erékùṣù Comoros wá sábà máa ń kún fún nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní estragole. Èyí tí wọ́n ń gbìn ní Yúróòpù, linalool ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun ló rọ ara lọ́rùn díẹ̀. Efinrin ńlá ti ilé wa, thymol tàbí eugenol ló ń jọba nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ta lẹ́nu. Estragole yìí, nígbà tí wọ́n fún eku ní púpọ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló yọrí sí. Òfin Yúróòpù ti 2008 kọ̀ kí ẹnikẹ́ni bu estragole lásán sínú oúnjẹ títà. Methyleugenol tún wà nínú àwọn òróró basil kan. Lọ́dún 2023, àjọ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn nǹkan tó ṣeé ṣe gan-an kó máa fa jẹjẹrẹ lára èèyàn.

Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, irú warfarin, tirẹ̀ tún yàtọ̀, torí eugenol náà máa ń fa ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì sẹ́yìn. Aboyún, kó má tilẹ̀ dá a láṣà.

* * *

Olóúnjẹ Ilé:

Ẹ̀yin Màmá, ṣé kí n má fi efinrin sínú ọbẹ̀ ata mi mọ́ nìyẹn? Ẹ ti já mi láyà.

* * *

Ìyá Ọlọ́ṣẹ:

Jẹ ọbẹ̀ rẹ, jàre. Òfin Yúróòpù tí mo sọ yẹn gan-an ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àtijẹ ewé basil. Àwọn ará Ítálì tó ń gún un mọ́ òróró ólífì ṣì ń gún un.

* * *

Ìyàwó Ìkòròdú:

Ẹ ṣé gan-an, Mà. Mo ti gbé ìgò náà wá síwájú mi báyìí. Ike ni, kì í ṣe gíláàsì. Òróró inú rẹ̀ àwọ̀ ewé, ó ki díẹ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Kò ta sánsán púpọ̀. Kò sí orúkọ mìíràn lára rẹ̀ ju "Basil" lọ, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

* * *

Ìyá Ọlọ́ṣẹ:

Háà. Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Òróró basil gidi kì í ní àwọ̀ ewé. Omi lásán ló máa ń jọ, tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kì í ki. Tó o bá ṣí i, òórùn rẹ̀ á ti dé pálọ̀ kó o tó dé ìdérí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í sì í gbé e sínú ike, torí ó máa ń jẹ àwọn ike kan. Ìgò gíláàsì dúdú ni wọ́n ń lò, kí oòrùn má bà á jẹ́.

Mú bébà funfun, kán ẹ̀kán kan sí i, gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, fi sílẹ̀ di ọ̀la. Òróró gidi á fò lọ, bébà á gbẹ. Tí ojú ibẹ̀ bá ń dán, tó o gbé e sókè síná tó o sì ń rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ wá, òróró sísè ló wà níbẹ̀. Tún kán òmíràn sínú ife omi. Kó léfòó sókè ló yẹ. Tí omi bá di funfun, wọ́n ti pò ó mọ́ nǹkan tó ń yòrò nínú omi.

* * *

Ìyàwó Ìkòròdú:

Bébà náà rèé láàárọ̀ yìí, ó ń dán gbinrin. Ojú ibẹ̀ sì tóbi ju bó ṣe wà lánàá lọ.

* * *

Ìyá Ọlọ́ṣẹ:

Ó jọ pé òróró sísè kan tí wọ́n rẹ efinrin sí lo rà nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ló wà níbẹ̀, kì í ṣe májèlé. Èmi náà ń ṣe irú rẹ̀ fún ẹsẹ̀ tó ń ro mí, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní essential oil, mi ò sì ní gbowó essential oil lórí rẹ̀. Wàhálà tirẹ̀ yàtọ̀: tí wọn ò bá sá ewé yẹn gbẹ dáadáa kí wọ́n tó rẹ ẹ́, omi ara ewé á wà nísàlẹ̀ ìgò, ibẹ̀ ló ti máa ń ra. Gbé ìgò náà dúró kó simi, kó o wo ìdí rẹ̀. Tí omi bá ti dágún síbẹ̀, tàbí tó ń rùn, má fi kan ara rẹ.

Ti ọmọ, ìdáhùn mi ò yí padà. Ẹni tó purọ́ ohun tó wà nínú ìgò, o ò mọ ohun mìíràn tó kán sí i kó lè máa ta sánsán. Inú tó ń run ọmọ oṣù mẹ́jọ léraléra, ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ló yẹ kó o gbé e lọ.

Lọ gba owó rẹ. Fi àwòrán bébà yẹn ránṣẹ́ sí i, má bá a jà.

* * *

Oníkírímù Ìbàdàn:

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ní ojúlówó béèrè tèmi. Mo ń po òrí àti àdín àgbọn fún àwọn oníbàárà tí ìrorẹ́ ń dà láàmú. Ẹnì kan ní kí n máa kán ogún ẹ̀kán sínú ike kékeré kan, òmíràn ní ẹ̀kán méjì. Ẹnì kẹta ní òun ń fi òróró yẹn nìkan pa ojú láìpò ó mọ́ nǹkan kan. Èwo ni ká tẹ̀ lé? Ó tún kù: ọṣẹ mi tí mo fi òróró efinrin sí lọ́sẹ̀ tó kọjá dì pa mọ́ mi lọ́wọ́.

* * *

Ìyá Ọlọ́ṣẹ:

Ẹni tó ń fi òróró nìkan pa ojú yẹn, ẹ bá mi sọ fún un kó dáwọ́ dúró kí ojú tó bó. Nígbà míì, awọ ara á gbà á lẹ́ẹ̀kan, á gbà á lẹ́ẹ̀kejì, lọ́jọ́ kan á kàn kọ̀ ọ́. Tó bá ti kọ̀ ọ́ báyẹn, àtiparí ìjà náà máa ń ṣòro. Ọṣẹ olóòórùn, ìpara, gbogbo ohun tó bá ti ní nǹkan yẹn nínú ni ara á máa bá jà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kán ló ń fa gbogbo àríyànjiyàn yìí. Ẹnu ìgò ò rí bákan náà. Bí ẹ̀kán ogún ló sábà máa ń pé mìlílítà kan, ṣùgbọ́n mo ti rí ìgò tó jẹ́ pé ẹ̀kán rẹ̀ sanra débi pé bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti pé e. Ẹ lọ sí kẹ́míìsì, ẹ ra síríńjì kékeré tó ń wọn mìlílítà kan, ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù dáadáa, òun ni kẹ́ ẹ máa fi fa òróró. Àríyànjiyàn ti parí. Fún ọgọ́rùn-ún mìlílítà àdín, ẹ fi mìlílítà kan sí i. Ìyẹn ló ń jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, fún ara àgbàlagbà. Fún ojú, ẹ pín in sí méjì. Òrí ni tiyín, ẹ kọ́kọ́ fi iná díẹ̀ yọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó rọ òróró sí i. Tó bá gbóná jù, òórùn tẹ́ ẹ sanwó fún á bá afẹ́fẹ́ lọ.

Lórí ìrorẹ́, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe ní Ifẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2002. Wọ́n po òróró efinrin mọ́ oríṣiríṣi ìpara, wọ́n fi ń pa ìrorẹ́. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú èyí tí wọ́n yìn jù níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò dìgbà tí òróró bá pọ̀ lápọ̀jù kó tó ṣiṣẹ́. Efinrin ilé wa sì ni wọ́n lò o, kì í ṣe basil Comoros. Tó bá jẹ́ èyí tí estragole pọ̀ nínú rẹ̀ lẹ ní, ẹ má gbé e wọ kírímù títà rárá. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín. Oníṣòwò gidi máa ń ní in. Ẹni tó bá ń bínú pé ẹ béèrè, ẹ kọjá síwájú.

Kẹ́ ẹ tó fi pa oníbàárà, inú ìgúnpá ni kẹ́ ẹ fi bíńtín sí, kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá pọ́n tàbí tó ń yún un, kò bá a lára mu. Tí ibì kan bá sì ń jó èèyàn, omi nìkan ò ní mú un kúrò. Ẹ kọ́kọ́ fi àdín nù ún pẹ̀lú òwú, kẹ́ ẹ tó wá fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́.

Ọṣẹ tó dì pa, mo mọ̀ ọ́n. Eugenol ló fà á. Òróró kànáfùrù máa ń ṣe bákan náà. Ẹ máa rí i pé ọṣẹ tó ṣì ń ṣàn wẹ́rẹ́ lábẹ́ igi, kété tẹ́ ẹ bá da òróró yẹn sí i, á fa ara pọ̀, igi á dúró gbọin láàárín ike, kò ní wọ inú àpótí mọ́. Ẹ má rò ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó dà á sí i. Ẹ pò ó mọ́ àdín díẹ̀ ṣáájú, ẹ jẹ́ kí epo àti omi eérú tutù dé ìwọ̀n tí ọwọ́ lè gbà lára ike, kí àpótí sì ti wà nítòsí. Àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n tó bá yá, ẹ fi ọkàn oníbàárà balẹ̀. Èmi kì í kọjá gíráàmù ogún fún kílò epo kan. Ó fi ju ti kírímù lọ torí omi á ṣan èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ọṣẹ dúdú ni kò ní wàhálà: ẹ jẹ́ kó tutù tán, kẹ́ ẹ tó fi ọwọ́ pò ó mọ́ ọn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

* * *

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Bàhíà:

Níbí ní Brazil, ewé ni wọ́n fi ń wẹ̀. Manjericão tútù (bí wọ́n ṣe ń pe basil níbí nìyẹn), wọ́n á gbo ó sínú omi tútù, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á dà á láti ọrùn wálẹ̀. Mi ò rí kí ìyálórìṣà kan máa da òróró inú ìgò sí i.

* * *

Ìyá Ọlọ́ṣẹ:

Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Omi àti òróró kì í bára wọn tan. Tó o bá kán an sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, á léfòó sójú omi, ìgbà àkọ́kọ́ tó o bu omi sára, gbogbo rẹ̀ ló máa bọ́ sí ibì kan náà, tó bá sì jẹ́ ojú tàbí abẹ́ ni, wà á pariwo. Ẹni tó bá dandan ni kó lò ó, kó pò ó mọ́ ọṣẹ olómi kó tó kan omi. Ara tó ń yún èèyàn ṣáá, kó lọ mọ ohun tó ń fà á ná.

* * *

Nọ́ọ̀sì Agége:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ epo pupa ni mo bá wá. Tí ọmọ bá gbé irú òróró yìí mì, ohun tí àwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n rọ epo pupa sí i lẹ́nu kó lè bì í. Ẹ má ṣe é o! Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Nígbà tó bá ń bì, òróró yẹn lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìyẹn burú ju kó wà nínú ikùn. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e, ẹ gbé ìgò náà dání, ó di ọsibítù. A fẹ́ rí ìgò. Tó bá ń wúkọ́, tó ń sùn lọ, tàbí tí mímí rẹ̀ ò já gaara, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá ta sí i lójú, omi mímọ́ tó ń ṣàn ni, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹnì kan máa ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀.

Ẹ má fi ooru rẹ̀ bo ọmọdé lábẹ́ aṣọ nítorí ọ̀fìnkìn. Omi gbígbóná tó dà sí ọmọ lára lábẹ́ aṣọ là ń tọ́jú jù. Ẹni tó ní ikọ́ fée náà, kó yàgò fún un.

* * *

Ìyá Ọlọ́ṣẹ:

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ti epo pupa yẹn, ó yẹ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ilé. Kí ẹ̀yin oníṣòwò náà máa lo ìdérí tí ọmọdé ò lè ṣí.

* * *

Baálé Ilé:

Èmi ò mọ̀ nípa ògì àti ìrorẹ́. Ẹ̀fọn ni tèmi. Mo pò ó mọ́ spirit, mo ń fín in sí yàrá, a ti ká àwọ̀n kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀fọn kan ò sí ńbẹ̀ mọ́.

* * *

Ìyá Ọlọ́ṣẹ:

Ẹ ta àwọ̀n yín padà, Baálé. Efinrin ń lé ẹ̀fọn lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn. Ohun tó ń lé e náà ni òórùn tó ń fò lọ. Aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ fín in, aago kan òru kò ku nǹkan kan nínú yàrá, ìgbà yẹn gan-an sì ni ẹ̀fọn ibà ń jáde wá jẹun. Ẹ lè máa fín in lẹ́nu ọ̀nà nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó síta nírọ̀lẹ́, ìyẹn dáa.

Spirit tẹ́ ẹ tún dárúkọ, iná! Òróró basil fúnra rẹ̀ máa ń gbaná, ẹ wá da spirit sí i, ẹ ń fín in nínú yàrá tí àbẹ́là tàbí kóìlì ẹ̀fọn ti ń jó. Ẹ má ṣe é nítòsí iná kankan. Ẹ má gbé ìgò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀. Bí ológbò bá wà nílé, ẹ má fín in síbi tó ń sùn, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kì í lè palẹ̀ irú nǹkan báyìí mọ́.

* * *

Àgbẹ̀ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́:

Efinrin ń hù ní oko mi bí ẹni tí kò lólùtọ́jú. Dípò kí n máa tà á ní ìdì lójú títì, mo fẹ́ fi ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ tí ìyàwó mi fi ń se ẹran yọ òróró rẹ̀. Màá so rọ́bà mọ́ ẹnu ibi tí ooru ń gbà jáde, kí n fi gba inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tútù. Ẹnì kan ní ó ṣeé ṣe, òmíràn ní á bú gbàmù. Ẹ tan ìmọ́lẹ̀ sí i.

* * *

Ìyá Ọlọ́ṣẹ:

Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Ó ṣeé ṣe, wọ́n ń ṣe é. Ó sì lè bú: ewé efinrin kan ṣoṣo tó bá gòkè lọ dí ojú ihò yẹn, ooru ò ní ríbi gbà mọ́. Ẹ fi asẹ́ irin sí àárín ìkòkò kí ewé má kan òkè, kí omi má sì kan ewé. Ẹ má kó ewé kún un dé ẹnu. Ẹ má dí fáfù ààbò rẹ̀ nítorí pé ooru ń yọ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán dán an wò, kẹ́ ẹ rí i pé ooru ń jáde láìdáwọ́ dúró ní ẹnu kejì ọ̀nà tó ń gbà jáde. Rọ́bà lásán yẹn ò dáa, á yọ́, òórùn rẹ̀ á sì wọ òróró. Páìpù bàbà tàbí ti irin tí kì í dípẹtà ni, ẹ lọ́ ọ kó lè yí nínú omi tútù, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ omi bọ́kẹ́ẹ̀tì bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kí ibi tí òróró ti ń kán jìnnà síná. Kí ẹnì kan jókòó tì í títí yóò fi tán, kí omi ìdí ìkòkò má gbẹ.

Owó ibẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ ṣírò gáàsì, ẹ ṣírò ewé, ẹ rántí pé kílò mẹ́wàá lè má kún ìgò oògùn ikọ́. Omi olóòórùn tó kù lábẹ́ òróró, ẹ má dà á nù. Àwa ọlọ́ṣẹ ń rà á, a fi ń po ọṣẹ dípò omi lásán. Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, màá gba jálá kan wò. Ìdì tẹ́ ẹ ń tà lójú títì, ẹ má tíì fi sílẹ̀.